Ẹ̀ka Sáíkọ́lọ́jì Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Pátákó

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti ń rí i lára pátákó àwọn ilé-ìwé girama aládàáni ní Kútọnù, láti Akpakpa títí dé Fidjrossè: lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti odò ìlúwẹ̀ẹ́, wọn a kọ ọ́ pé àwọn ní «psychologie». (Odò ìlúwẹ̀ẹ́ náà, a kò tíì rí i.) Inú wa kọ́kọ́ dùn. Àwa òbí, àwa olùkọ́ àti àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀tá ìmọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí olórí ẹ̀ka náà ń ṣe láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ayọ̀ náà rọlẹ̀. Níbì kan, òun ni ó ń dúró sí ẹnu géètì láàárọ̀ láti kọ orúkọ àwọn tí ó pẹ́ dé. Níbòmíràn, olùkọ́ philosophie ni, wọ́n sì fi oyè náà dá a lọ́lá kí wọ́n má baà fi owó kún owó oṣù rẹ̀. Níbi kẹta, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó wà láàárín tábìlì rẹ̀ àti tábìlì surveillant général, débi pé ọmọ tí ó bá sunkún lọ́hùn-ún, wọn a gbọ́ ọ níhìn-ín. A kò dárúkọ ilé-ìwé kankan, nítorí àṣà náà ti kọjá ti ilé-ìwé kan.

Ohun tí a wá sọ kò díjú. Ẹni tí a bá fi ṣe olórí ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì ní ìlú yìí, tí a kò fún ní àyè láti gbọ́ èdè tí ọmọ fi ń ronú, tí a kò sì fún ní àṣẹ láti pa àṣírí ọmọ mọ́, kò ní ẹ̀ka kankan lọ́wọ́. Ilé-ìwé tí kò bá lè fún un ní nǹkan méjèèjì wọ̀nyí, kí ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kúrò lára pátákó rẹ̀.

Kí a tó máa bá àwọn olùdásílẹ̀ ilé-ìwé jà, ó yẹ kí a rántí ọ̀nà tí a gbà dé ibi tí a wà. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba Kérékou gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ àti àwọn aládàáni. Lẹ́yìn Àpérò Gbogbogbòò ti oṣù Èrèlé 1990 ni ìlẹ̀kùn tún ṣí, láti ìgbà náà ni ilé-ìwé aládàáni sì ti ń hù ní Kútọnù bí olú lẹ́yìn òjò. Ètò ìdánwò baccalauréat kò yà sáíkọ́lọ́jì sọ́tọ̀. Inú philosophie ni ọmọ ti máa ń gbọ́ orúkọ Freud, kí aago tó lù. Àwọn ilé-ìwé tí ń tẹ̀lé ètò òkèèrè ní tiwọn: International Baccalaureate ka sáíkọ́lọ́jì sí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró, ó sì ní ìdánwò tirẹ̀. Nítorí náà, bí ilé-ìwé girama kan yóò bá dá ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa lónìí, ilé-ìwé aládàáni ni ó ní àyè rẹ̀ jù lọ. Òmìnira ni èyí. Bí wọ́n ṣe ń ná òmìnira náà ni ó ń bí wa nínú.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìwé tí olórí ẹ̀ka ń rà wọlé. Àyẹ̀wò Bandura ní 1961, tí ó fi hàn pé ọmọdé a máa ṣe bí àgbà tí ó rí bá ṣe: ọmọ 72 ni, láti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Àyẹ̀wò Milgram tí ó jáde ní 1963, lórí bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ràn sí aláṣẹ lẹ́nu: ogójì ọkùnrin ni, ní New Haven. A kò sọ pé irọ́ ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ti rí surveillant lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé Milgram rí nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Henrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo ayé ní 2010, wọ́n tọ́ka sí i pé nínú àwọn ìwé ìròyìn sáíkọ́lọ́jì tí ó lórúkọ jù, ìdá 96 nínú 100 àwọn tí a ṣe ìwádìí lé lórí wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ènìyàn wọn kò ju ìdá 12 nínú 100 gbogbo ayé lọ. Ìyókù ayé, tí àwa náà wà nínú rẹ̀, wọ́n rò ó mọ́ wọn ni.

Robert Serpell ti fi irú ewu bẹ́ẹ̀ hàn ṣáájú, ní 1979. Ó fún àwọn ọmọ Zambia àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní iṣẹ́ kan náà: kí wọ́n wo àwòṣe kan, kí wọ́n ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí ó fún wọn ní pẹ́ńsù àti ìwé, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ta wọ́n yọ. Nígbà tí ó fún wọn ní wáyà, èyí tí ọmọ Zambia máa ń fi ṣe ọkọ̀ ìṣeré, àwọn ọmọ Zambia ni ó ta wọ́n yọ. Nígbà tí ó fún wọn ní amọ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ká ní pẹ́ńsù nìkan ni ó gbé lọ ńkọ́? Olórí ẹ̀ka tí ó bá ti ka èyí, tí ó tún ń fi ìwé ìdánwò-ọpọlọ tí a tẹ̀ ní Páríìsì pín ọmọ Vèdókò sí ọlọ́gbọ́n àti òpè, ó mọ ohun tí ó ń ṣe, kí ó má sọ fún wa pé sáyẹ́ǹsì ni.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí ó kàn wá jù, nítorí àárín àwọn ọmọ ilé-ìwé ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1960, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà kan, Raymond Prince, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa ohun tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Orí wọn ń gbóná, nǹkan ń rìn wọ́n lórí bí èèrà, ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá ṣí ìwé, ohun tí wọ́n kà kì í dúró nínú wọn. Ó pè é ní «brain fag». Ó ní ẹ̀kọ́ òyìnbó, tí ó ń fẹ́ kí olúkúlùkù dá ṣe tirẹ̀, ni kò bá ìwà àjọgbé tí a fi tọ́ wọn mu. Orúkọ náà rìn jìnnà. Ní 1994, ó wọ inú ìwé atọ́ka àìsàn tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ń tẹ̀, wọ́n tò ó mọ́ àwọn àìsàn tí wọ́n ní ó jẹ́ ti àṣà àwọn ènìyàn kan. Ó wá di pé ọmọ tí ìdánwò kò jẹ́ kí ó sùn ní Ìbàdàn ní àìsàn adúláwọ̀, èkejì rẹ̀ ní Páríìsì kàn rẹ̀ lásán ni.

Àwọn tiwa kò dákẹ́. Mórákínyọ̀ ní Ifẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà mìíràn: ó wo àìsùn, ó wo àwọn oògùn tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti fi ṣọ́ òru nítorí ìdánwò. Nígbà tí ó di 2015, Ayọ̀nrìndé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú ìtàn orúkọ náà wò títí dé gbòǹgbò, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń lò ó, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, fún àwọn òyìnbó tí iṣẹ́ ọpọlọ ti dá lágara. Ẹ gbọ́ o: ọ̀rọ̀ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, bí aṣọ òkìríkà tí ń dé sí ọjà Missèbo, ni wọ́n gbé wọ àwọn ọmọ wa lọ́rùn, tí wọ́n sì pè é ní aṣọ ìbílẹ̀ wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọdẹ orí, èyí tí Mákanjúọlá kọ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1987, nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n ń sọ pé nǹkan kan ń rìn káàkiri nínú orí àwọn. A ní inú, a ní ọkàn, a ní iyè, a ní làákàyè, a ní àyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tí ó ní inú òun kò dùn àti èyí tí ó ní ọkàn òun kò balẹ̀ kò sọ ohun kan náà. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já yàtọ̀ sí ẹni tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ẹni tí iyè rẹ̀ ra kò sọ pé òun ya òmùgọ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dà sínú «je suis stressé», kí ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹ́kù. Ọmọ tí ó bá túmọ̀ orí gbígbóná rẹ̀ sí èdè Faransé fún nọ́ọ̀sì ilé-ìwé, paracetamol ni yóò gbà, yóò sì padà sí kíláàsì.

Ohun tí a ń béèrè yìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn ní Áfíríkà. Ní Zimbabwe, àwọn tí ń sọ èdè Shona ní ọ̀rọ̀ kan, kufungisisa, tí ó túmọ̀ sí ìrònú àrójù. Láti 2006, oníṣègùn Dixon Chibanda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ìyá àgbà ní bí a ṣe ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu ẹni tí ìrònú ń dà láàmú, ní èdè rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì tún ìwé atọ́ka Amẹ́ríkà yẹn tẹ̀ ní 2013, kufungisisa ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀. «Brain fag» pàdánù tirẹ̀.

Ẹnìkan yóò dìde báyìí, yóò ní: ẹ ti dé, ẹ fẹ́ gbé babaláwo wọ kíláàsì terminale. A kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Paulin Hountondji, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó papò dà ní oṣù Èrèlé 2024, ti kìlọ̀ fún wa láti ìhà méjèèjì. Ó bá àwọn onímọ̀ wa wí nítorí pé wọ́n ń kó ohun àmúṣe-ìmọ̀ ránṣẹ́ sí òkèèrè bí ẹni kó òwú, wọ́n a sì tún padà lọ ra aṣọ tí wọ́n fi òwú náà hun. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó kọjú ìjà sí àwọn tí ń sọ pé gbogbo adúláwọ̀ ní èrò kan ṣoṣo tí wọ́n jogún, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ìwé tí ó darí rẹ̀ ní 1994 lórí ìmọ̀ abínibí kò sọ pé kí a máa bọ ìmọ̀ náà. Ó ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Olórí ẹ̀ka wa gbọdọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní orí òun ni kò dára tí òun fi fìdí-rẹmi, kí olùkọ́ má ṣe fi ẹ̀rín pa á, kí ó má sì gbà á láìjiyàn. Kí ó bi kíláàsì pé ẹsẹ̀ ńkọ́, ìwà ńkọ́, nígbà tí àwọn àgbà wa kò fi orí nìkan sílẹ̀ fún wa? Àṣà tiwa náà ní ibi tí ó ti ń pani lára. Kò ṣàjèjì sí wa kí a de aláìsàn ọpọlọ mọ́ igi. Grégoire Ahongbonon, tí òun náà jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tú irú wọn sílẹ̀, láti Bouaké títí dé Avrankou. Ní Kútọnù níhìn-ín, «Jacquot», orúkọ tí ìlú fi mọ ilé ìwòsàn ọpọlọ wa, ni àwọn ọmọ fi ń bú ara wọn lákòókò ìsinmi. Ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì tí kò bá bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí èébú yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Thomas Adéoyè Lámbò fi ọ̀nà hàn wá. Láti 1954 ní Àrò, ó jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láyè láti bá a ṣiṣẹ́, kò sì fi ìmọ̀ tí ó kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Gbogbo ayé wá wò ó. Kútọnù kò jìnnà sí Abẹ́òkúta tó bí a ti ń ṣe bí ẹni pé ó jìnnà.

Àwọn olùdásílẹ̀ ilé-ìwé ní èsì tiwọn, èsì náà kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Wọ́n ní: òbí ń sanwó kí ọmọ lè gbọ́ Faransé, ẹ fẹ́ kí á máa fi èdè ilé kọ́ ọ. Wọ́n ní: nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ẹ óò rí Fọ̀n, Gùn, Mìnà, Nàgó, Bàrìbá àti Dẹ́ndì, èwo ni ẹ óò mú? Ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi Yorùbá ṣe ìdánwò. A kò sì ní gbé Yorùbá gun orí Fọ̀n. Òfin ilẹ̀ wa ti 1990, ní abala kọkànlá rẹ̀, fún gbogbo èdè ilẹ̀ yìí ní òmìnira bákan náà. Ohun tí a ń wí ni pé kí ìwé kan wà nínú kíláàsì sáíkọ́lọ́jì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn yóò ti máa kọ ọ̀rọ̀ tí ilé olúkúlùkù ń lò fún ìbẹ̀rù, ìtìjú, ìrònú, owú, àárẹ̀ ọkàn. Kí wọ́n fi wọ́n wé ara wọn. Kí wọ́n fi wọ́n wé ti Faransé. Kí wọ́n wo ibi tí ìwé olówó gọbọi yẹn kò bá wọn mu. Òpò èdè tí ẹ pè ní ìṣòro, ọ̀rọ̀ ìwádìí ọ̀fẹ́ ni, tí Páríìsì kò ní. Ní ti ìbẹ̀rù pé èdè ilé yóò ba Faransé jẹ́, iṣẹ́ tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti dáhùn: àwọn ọmọ tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni ó kù, òun ni ó sì le jù, nítorí owó nìkan kọ́ ni yóò yanjú rẹ̀. A mọ ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ kú láàárín sáà ẹ̀kọ́. Oorun kúrò lójú rẹ̀. Ó lọ sọ fún ẹni tí ilé-ìwé ní kí ó lọ sọ fún. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ ìṣirò dúró níwájú kíláàsì, ó ní kí wọ́n má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí ọkàn rẹ̀ kò gún régé. Àánú ni ó ṣe olùkọ́ náà, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé yẹn mọ́ títí ó fi jáde, àwọn tí ó wà ní kíláàsì rẹ̀ pẹ̀lú sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ tiwọn. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ burú ju àìsí yàrá lọ, nítorí pé ó ń kọ́ ọmọ pé kí ó má ṣe sọ̀rọ̀.

Nítorí náà ni a fi tẹnu mọ́ ọn pé olórí ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì kò gbọdọ̀ jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ẹni tí ó gbọ́ ìdí tí ọmọ fi jalè kò lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí yóò dìbò lé e jáde. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú káńtà kan náà pẹ̀lú ìwé máàkì. Bí ẹ̀mí ọmọ bá wà nínú ewu, tàbí tí àgbàlagbà kan ń fi ìyà tàbí ìṣekúṣe jẹ ẹ́, nígbà náà àṣírí dópin. Òfin lórí ọmọdé tí ilẹ̀ wa ṣe ní 2015 kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré, kí a sì ti sọ ààlà yìí fún ọmọ kí ó tó la ẹnu, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó bá ní òun ni ó ń sanwó, nítorí náà òun gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá náà, kí ó wá ẹlòmíràn gbà síṣẹ́. Aṣọ́dẹ ni ó ń wá.

Kí a má tàn ara wa, iṣẹ́ náà wúwo fún ẹnìkan ṣoṣo. Ẹni tí ń kọ́ni ní wákàtí ogún lọ́sẹ̀ kò lè tún jókòó gbọ́ ẹkún. Kí wọ́n dín wákàtí rẹ̀ kù, kí wọ́n sì san owó ohun tí wọ́n dín. Yunifásítì Abomey-Calavi, tí a dá sílẹ̀ ní 1970, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní sáíkọ́lọ́jì. Púpọ̀ nínú wọn ń wá iṣẹ́ kiri nígbà tí ilé-ìwé ń fi oyè wọn dá ẹlòmíràn lọ́lá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, tí ẹ ó gba ìwé ẹ̀rí lọ́dún tí ń bọ̀, bí wọ́n bá pè yín sí irú iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe béèrè owó oṣù nìkan. Ẹ béèrè ilẹ̀kùn tí ó ń tì.

Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, nígbà tí àwa òbí yóò tún tò sí iwájú ilé-ìwé láti san owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a má ṣe wo pátákó. Kí a ní kí wọ́n mú wa lọ sí yàrá náà. Kí a béèrè èdè mélòó ni ẹni tí ó wà níbẹ̀ gbọ́, kí a béèrè bóyá ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìbáwí, kí a sì béèrè pé kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé rẹ̀, ọwọ́ ta ni ó wà. Bí wọ́n bá dáhùn, kí a sanwó.